Bí A Ṣe Ń Gbin Tújà Aláwọ̀ Wúrà ní Ilẹ̀ Òkun

Ẹ̀gẹ́ tí òùngbẹ ń gbẹ máa ń sọ fún olóko. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ewé rẹ̀ á rọ, ẹni tí ó bá ní ojú á sì mọ̀ pé ilẹ̀ ti gbẹ. Àgbàdo náà á ká ewé rẹ̀ jọ bí ẹni ká ẹní. Tújà, igi ọ̀ṣọ́ tí à ń gbìn síwájú ilé, kò ní irú ẹnu bẹ́ẹ̀. Gbòǹgbò rẹ̀ lè ti jẹrà tán nínú ilẹ̀ kí ewé rẹ̀ ṣì máa dán fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí ẹ bá sì fi rí i tí ó ń pọ́n bí ewé tí iná rà, ó ti kú tipẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín fi dá lórí ilẹ̀, omi àti oòrùn, tí ọ̀rọ̀ ìwòsàn kò sì gba àyè púpọ̀ nínú rẹ̀.

Irú igi tí à ń wí

Àwọn tí ń ta igi ọ̀ṣọ́ ń pè é ní tújà, àwọn ará ilé sì sábà máa ń pè é ní igi Kérésìmesì. Orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ni Platycladus orientalis. Linnaeus, ọmọ ilẹ̀ Sweden, pè é ní Thuja orientalis nínú ìwé rẹ̀ ní 1753, orúkọ àtijọ́ yẹn ni ó sì kù lẹ́nu ọlọ́jà títí di òní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti 1949 ni èyí tí àwọn onímọ̀ ń lò báyìí ti wà. Ilẹ̀ Ṣáínà àti Kòríà ni igi náà ti wá. Nínú ọgbà àwọn tẹ́ḿpìlì àtijọ́ ní Beijing, àwọn kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Ó ń fara da ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìbátan rẹ̀ lọ, èyí ni ó sì jẹ́ kí ó ṣeé gbìn ní ilẹ̀ àwa Òkun ní ìpínlẹ̀ Kogi, ní Kàbà, ní Ìyàrà, ní Mọ̀pà, ní Ìsánlú àti ní Ẹ̀gbẹ̀, níbi tí òjò ti máa ń dáwọ́ dúró láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kẹta.

Ohun mẹ́ta ni ẹ ó fi dá a mọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé ewé rẹ̀ tẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó sì tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn to abẹ̀bẹ̀ púpọ̀ sínú agbọ̀n. Èkejì ni pé kì í wọ́wé, ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀rùn kì í tú u sí ìhòòhò bí ó ti ń tú igi àràbà. Ẹ̀kẹta ni èso rẹ̀: ó kéré, ó láwọ̀ ewé tí ó fà sí búlúù nígbà tí ó bá wà ní tútù, ó ní ìwo tí ó tẹ̀ kọdọrọ lára, ó sì máa ń pọ́n bí igi, á sì là, nígbà tí ó bá gbó.

Èyí tí ó láwọ̀ wúrà tí ó sì kúrú ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti rà. Aurea Nana ni àwọn olùgbìn ń pè é. Ó rí bí ẹyin tí a gbé nàró, kì í sì í yára dàgbà rárá; lẹ́yìn bí ọdún 10, ó lè má ga ju mítà kan tàbí kan àbọ̀ lọ. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n láwọ̀ wúrà bákan náà ṣùgbọ́n tí wọ́n ń ga ju ènìyàn lọ dáadáa, nítorí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó, nítorí pé nígbà tí wọ́n bá kéré nínú ọ̀rá, ojú kan náà ni gbogbo wọn ní.

Ẹ tún ṣọ́ra fún èyí tí ó máa ń ta òórùn ọsàn wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi ọwọ́ ra ewé rẹ̀. Goldcrest ni wọ́n ń pè é, ìran Cupressus macrocarpa ni. Ó lẹ́wà ju tújà lọ, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n etí òkun California tí ó tutù ni ìran rẹ̀ ti wá, ooru ọ̀sán wa kì í sì í bá a lára mu. Bí ó bá sì jẹ́ pé ògiri ewé aláwọ̀ wúrà ni ẹ fẹ́ fi yí gbogbo ọgbà ká, kí ó sì tètè dí, tújà kọ́ ni igi yín. Ẹ lọ gbin yẹ́lò búùṣì tí ó ń hù kíákíá tí ó sì ń fara da àlùmọ́gàjí. Méjì tàbí mẹ́ta ni tújà fi ń ní iyì: ọ̀kan ní ọ̀tún géètì, ọ̀kan ní òsì, bóyá ẹ̀kẹta níbi tí ojú ń tọ́ ní àárín pápá koríko.

Rírà á

Ibí yìí ni mo ti kọ́kọ́ ṣìnà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ tí mo rà ga dé ìbàdí mi, wọ́n pọ́n yòò, owó wọn sì rọjú ju bí mo ti rò lọ. Oṣù kan àbọ̀ lẹ́yìn tí mo gbìn wọ́n ni méjèèjì gbẹ. Nígbà tí mo fà wọ́n tu ni mo tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀: a ti hú wọn láti inú ilẹ̀, a gé gbòǹgbò wọn kù bí ìka ọwọ́, a sì rọ wọ́n sínú ọ̀rá dúdú ní ọjọ́ tí mo fẹ́ rà wọ́n tàbí ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Òkú ni mo gbé sínú ọkọ̀ wá sílé.

Láti ìgbà náà, kí n tó sanwó, mo máa ń di ìdí igi náà mú, n ó sì mì í jẹ́jẹ́. Bí igi bá ń mì tí erùpẹ̀ kò bá a mì, kò tíì fi gbòǹgbò di ilẹ̀ inú ọ̀rá mú, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ wo ihò ìsàlẹ̀ ọ̀rá: gbòǹgbò funfun kéékèèké tí ó ń yọjú níbẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí rere, ṣùgbọ́n èyí tí ó nípọn tí ó sì ti lọ́ yí ara rẹ̀ ká bí okùn ń sọ fún yín pé igi náà ti pẹ́ jù nínú ọ̀rá. Ẹ ya ẹ̀ka sọ́tọ̀ kí ẹ wo inú. Ewé tí ó ti gbẹ nínú lọ́hùn-ún kò burú, bí ó ṣe máa ń rí nìyẹn nítorí pé oòrùn kì í débẹ̀. Èyí tí ó bá gbẹ ní ṣóńṣó ẹ̀ka ni kí ẹ bẹ̀rù. Bí ọkàn yín kò bá balẹ̀, ẹ fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka kékeré kan. Ó yẹ kí abẹ́ rẹ̀ tutù kí ó sì láwọ̀ ewé. Igi tí kò ga ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ ni mo máa ń yàn nísinsìnyí, nítorí pé kékeré tí ó ní gbòǹgbò yóò lé ńlá tí kò ní bá láàárín ọdún mẹ́ta.

Ibi tí yóò dúró

Oòrùn ni ó ń mú àwọ̀ wúrà náà jáde. Igi tí kò bá rí oòrùn tààrà fún wákàtí 6 lójúmọ́, ó kéré tán, yóò padà di aláwọ̀ ewé lásán, ẹ̀gbẹ́ tí ó bá sì kọjú sí ibòji yóò ṣí sílẹ̀, yóò sì pá. Nítorí náà, abẹ́ máńgòrò kò ṣeé gbìn ín sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn fẹ́ǹsì tí ó ga ní ìhà ìlà oòrùn.

Ẹ jìnnà sí ibi tí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ ń dà sí láti orí páànù. Òjò oṣù kẹsàn-án tí ó ń ya lu àárín igi náà lójoojúmọ́ yóò la àwọn abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, yóò sì máa kún ìdí rẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 4 sí ògiri tó, ẹsẹ̀ bàtà 4 náà sì ni kí ó wà láàárín ọ̀kan àti èkejì bí ó bá jẹ́ èyí tí ó kúrú ni ẹ gbìn.

Ọ̀rọ̀ omi tí kò lọ ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Ilẹ̀ wa kò rí bákan náà: ní ẹsẹ̀ àwọn òkè olókùúta, erùpẹ̀ oníyanrìn ni, omi kì í dúró nínú rẹ̀, ní ibòmíràn, ẹ ó gbẹ́ ẹsẹ̀ bàtà kan péré kí ọkọ́ tó bá yangí pàdé, tí omi òjò á sì jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni pé inú àwo ni ó wà. Ẹ má ṣe fi ojú lásán wò ó. Ẹ gbẹ́ kòtò tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àbọ̀, ẹ da omi kún un ní àṣálẹ́, kí ẹ sì padà wá wò ó ní òwúrọ̀. Bí omi bá ti lọ, ibẹ̀ dára. Bí ó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ wá ibòmíràn, tàbí kí ẹ kó ilẹ̀dú àti iyanrìn odò jọ, kí ẹ fi kọ ebè ńlá tí ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan tí ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 4, kí ẹ gbin igi náà sórí rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ ebè kọ. Ti iṣu ni ẹ fojú sùn, kí ẹ kàn fẹ̀ ẹ́ sí i.

Ìgbà gbígbìn àti bí a ṣe ń gbìn ín

Ìparí oṣù karùn-ún sí ìparí oṣù kẹfà ni àsìkò tí mo fara mọ́. Àkọ́rọ̀ òjò ti máa ń fi ìjì wá, orí ilẹ̀ nìkan ni ó sì máa ń rin, nígbà tí ó jẹ́ pé ní oṣù kẹfà ilẹ̀ ti mu omi dénú, igi náà yóò sì ní oṣù mẹ́rin tàbí márùn-ún láti fi ta gbòǹgbò kí ọyẹ́ tó dé. Ẹni tí ó bá gbìn ín ní oṣù kọkànlá nítorí pé Kérésìmesì ń bọ̀ tí ó sì fẹ́ kí iwájú ilé lẹ́wà, kí ó jẹ́ kí igi náà wà nínú ìkòkò títí di ọdún tí ń bọ̀.

Ẹ gbẹ́ kòtò tí ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ọ̀rá, ṣùgbọ́n tí kò jìn jù ú lọ. Bí ó bá jìn jù, erùpẹ̀ ìsàlẹ̀ yóò rì, igi yóò sì rì tẹ̀lé e, ọrùn rẹ̀ á wá wọlẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà. Erùpẹ̀ tí ẹ gbẹ́ jáde náà ni kí ẹ dà padà, pẹ̀lú ìgbẹ́ màlúù tí ó ti jẹrà dáadáa, ìwọ̀n sọ́bìrì kan tàbí méjì. Ìgbẹ́ adìẹ tútù kò gbọdọ̀ débẹ̀, yóò jó gbòǹgbò.

Ẹ bu omi sí igi nínú ọ̀rá ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ fi abẹ ya ọ̀rá náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ má ṣe di ọrùn igi mú kí ẹ fà á yọ, nítorí pé ìṣù erùpẹ̀ náà lè fọ́ kí gbòǹgbò tẹ́ẹ́rẹ́ sì já. Gbòǹgbò tí ó bá ti lọ́ yíká ni kí ẹ fi ìka tú síta, tàbí kí ẹ fi abẹ gé e ní ojú mẹ́ta. Ẹ gbé e sínú kòtò kí orí ìṣù náà ga ju ojú ilẹ̀ lọ ní ìwọ̀n ìka kan, ẹ yí i kí ẹ̀gbẹ́ tí ó dára jù lọ kọjú sí ọ̀nà, ẹ da erùpẹ̀ sí i, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́. Mo ti rí àwọn tí wọ́n fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ ilẹ̀ ilé. Ilẹ̀ tí ó le tó bẹ́ẹ̀ kò ní gba atẹ́gùn. Lẹ́yìn náà, ẹ bu odindi garawa omi kan sí i díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣíji bò ó ní ìhà ìwọ̀ oòrùn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Ewúrẹ́ àti àgùntàn kò ní jẹ́ kí ó simi. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ náà, ẹ fi ọparun ṣe ọgbà kékeré yí i ká. Ewé rẹ̀ lóró, kò yẹ kí ẹranko tàbí ọmọdé jẹ ẹ́, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sè é mu nítorí pé ó gbọ́ pé àwọn ará Ṣáínà ń fi ṣe egbòogi. Àwọn yẹn mọ bí wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́

Ọ̀pọ̀ tújà tí ó ń kú níhìn-ín, inú oṣù kejì àti oṣù kẹta ni wọ́n ti ń gbẹ, nígbà tí kànga ti lọ sílẹ̀ tí omi bohóólù sì di ohun tí à ń tò fún. Àwọn mìíràn sì ń kú nítorí pé ẹni tí ó ni wọ́n fẹ́ràn wọn jù. Ife omi kan lójoojúmọ́ kò ṣe igi yìí láǹfààní kankan: òkè ilẹ̀ nìkan ni yóò máa rin, gbòǹgbò yóò sì máa wá sókè tọ omi lọ, sí ibi tí ooru yóò ti pa á. Garawa kan ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, ní àárọ̀ kùtùkùtù, ni kí ẹ bù sí i ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́, kí ẹ fi erùpẹ̀ kọ́ agbada yí ìdí rẹ̀ ká kí omi má bàa ṣàn lọ. Ṣáájú kí ẹ tó bu omi, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ẹ gbé garawa yín padà sílé. Ní ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ẹ̀ẹ̀kan ní ọjọ́ 10 tó, láti ẹ̀ẹ̀kẹta sì ni igi tí ó bá ti múlẹ̀ lè gbé ara rẹ̀, bí kò ṣe pé ẹ̀ẹ̀rùn bá le jù. Tí àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, ẹ wó agbada náà kí omi òjò má baà dúró sídìí igi.

Bíbo ìdí igi dára, ṣùgbọ́n koríko gbígbẹ ni oúnjẹ ikán. Òkúta wẹ́wẹ́ ni mo ń lò. Ẹni tí kò bá rí i lè lo èèpo ẹ̀pà, kí ó sì fi àyè ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti igi. Bí ẹ bá rí i tí ikán fi amọ̀ kọ́lé gun ìdí igi, ẹ gbá a kúrò, ẹ gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀ títí tí ẹ ó fi rí ibi tí ó ti ń bọ̀, ẹ sì máa yẹ ibẹ̀ wò ní ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí òjò yóò fi dé.

Àwọ̀ rẹ̀ máa ń ṣú díẹ̀ nígbà ọyẹ́. Eruku ń bò ó, kò sì hu ewé tuntun tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni ó máa ń láwọ̀ wúrà jù. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ da ajílẹ̀ sí i. Ẹ fi omi wẹ ewé rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì. Ìwẹ̀ yìí tún ń lé kòkòrò kan tí ó dàbí aláǹtakùn, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí i, tí ó máa ń pọ̀ nígbà ooru àti eruku. Bí ewé bá ń di eléérú tí ó ní tóótòòtó, ẹ gbọn ẹ̀ka kan sórí bébà funfun: bí tóótòòtó náà bá ń rìn, ẹ ti rí i. Omi ọṣẹ tí kò le, tí a fi fọ inú àti ìta ẹ̀ka ní ìrọ̀lẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, sábà máa ń ká a. Kòkòrò mìíràn máa ń fi ewé igi náà fúnra rẹ̀ rán àpò tí ó ń gbé inú rẹ̀, àpò náà á sì so rọ̀ bí èso gbígbẹ. Ọwọ́ ni ẹ ó fi já a, ẹ ó sì sun ún.

Iná

Oje wà nínú igi yìí, ewé gbígbẹ sì máa ń kún inú rẹ̀. Ẹnìkan tí ń sun igbó ẹ̀gbẹ́ oko kaṣú rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ ọyẹ́ kan gba ọ̀kan tí ó ti lo ọdún 7 lọ́wọ́ mi. Iná náà kò pẹ́ níbẹ̀ tó kí ènìyàn ka ọgọ́rùn-ún, igi náà sì ti di èédú. Kí oṣù kọkànlá tó parí, ẹ ro ilẹ̀ yíká rẹ̀ mọ́ tónítóní dé ẹsẹ̀ bàtà 6, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́, nítorí oje rẹ̀ máa ń yún àwọn kan lára, kí ẹ fi ọwọ́ gbọn ewé òkú inú rẹ̀ jáde.

Gígé àti jíjẹ́ kí ó dúró dáadáa

Tújà kékeré yìí kò nílò gígé púpọ̀. Bí ó bá yẹ kí ẹ tọ́ ọ, kí ó jẹ́ oṣù karùn-ún, kí ó sì jẹ́ ṣóńṣó ewé nìkan. Ẹ má ṣe gé e wọ ibi tí kò ti sí ewé tútù mọ́, nítorí pé kùkùté ẹ̀ka rẹ̀ tí ó ti gbó kì í sábà rú. Ihò tí ẹ bá gé sí i lára lónìí, ẹ ó máa wò ó títí lọ. Nípa oúnjẹ, sọ́bìrì kan ìgbẹ́ màlúù tí ó ti jẹrà ní oṣù kẹrin tó fún ọdún kan. Èyí tí wọ́n bá fi ajílẹ̀ kẹ́ jù máa ń yára ga, á rọ̀, ìjì á sì là á sí méjì. Bí ó bá ti là, ẹ kó o jọ, kí ẹ fi aṣọ tí ẹ ya tẹ́ẹ́rẹ́ dì í ní inú níbi tí ojú kò ní rí i, ẹ má ṣe lo wáyà.

Bí ẹ bá fẹ́ sọ ọ̀kan di púpọ̀

Èso rẹ̀ ń hù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá ti inú èso wá ni kì í láwọ̀ wúrà bí ìyá wọn. Ẹ̀ka ni kí ẹ lò. Ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ẹ di ẹ̀ka kékeré tí ó gùn tó ìka àárín mú, kí ẹ fà á ya sísàlẹ̀ kí ó lè mú èèpo igi ìyá rẹ̀ díẹ̀ dání, kí ẹ já ewé ìdajì ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò, kí ẹ sì kì í bọ iyanrìn odò tí ẹ ti fọ̀ mọ́. Ẹ fi ọ̀rá funfun bo ìkòkò náà, ẹ gbé e sí ibi tí ó mọ́lẹ̀ tí oòrùn kò sì ti ń pa á tààrà. Oṣù mẹ́ta, nígbà mìíràn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ń gbà kí gbòǹgbò tó yọ, àti nínú 10 tí mo bá kì, inú mi á dùn bí 4 bá mú. Ẹ má ṣe fà á tu láti wò ó. Ẹ fa ṣóńṣó rẹ̀ díẹ̀, bí ó bá fà padà, ó ti mú. Ẹ gbé e sínú ọ̀rá tí ó ní ilẹ̀dú àti iyanrìn ní ìdajì sí ìdajì, ẹ jẹ́ kí ó lo ẹ̀ẹ̀rùn kan lábẹ́ ibòji fẹ́ẹ́rẹ́ nítòsí ibi tí omi wà, kí ó sì lo òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn tí ó tẹ̀ lé e nínú oòrùn, kí ẹ tó gbé e lọ sí iwájú ilé ní oṣù kẹfà.